Àgbàtọ́ kọ́, ìsọdọmọ ni: ìtàn fáìlì kan láti Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ nígbà tó jókòó níwájú tábìlì mi kò tíì kúrò létí mi títí dòní. Kò béèrè fọ́ọ̀mù. Kò béèrè iye tí yóò ná òun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ní wá béèrè lọ́wọ́ mi."

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó fẹ́ ọmọ pupa, ẹni tó fẹ́ ìbejì, ẹni tó ní kó ṣáà ti jẹ́ ọkùnrin. Èyí ṣàjèjì sí mi. Mo ní kó fara balẹ̀ kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tó wá bá wa nínú fáìlì náà ló ti wà nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní wákàtí yẹn, àwa ni kò tètè yé.

Mo ti yí iṣẹ́, ọjọ́ orí àti àdúgbò wọn padà díẹ̀, torí pé ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ náà yóò sì mọ̀wé kà lọ́jọ́ kan.

Ọmọ tí wọ́n wá mú padà

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó, ẹni ọdún 41. Ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 48, ń ta ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀. Ó ti pé ọdún 14 tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Oyún mẹ́ta ló ti wálẹ̀ lára ìyàwó. Wọ́n ti gbìyànjú èyí tí dókítà máa ń so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ lóde ara (IVF) lẹ́ẹ̀kan, owó ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú bá a lọ, kò sì bọ́ sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni wọ́n kó láti Ìlọrin wá sí Ìbàdàn. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjèèjì yẹn wà lọ́kàn yín.

Nígbà tí wọ́n wà ní Ìlọrin, ìyá ọkọ ti mú ọmọbìnrin kan fún wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn: ẹni tí kò tíì bí, a máa ń fi ọmọ sí i lọ́wọ́, kí ó lè bá a pe ọmọ wá. Ọmọ náà ń pè é ní Mọ́mì. Ó tọ́ ọ fún ọdún méje. Nígbà tó wọ JSS 1, ìyá tó bí i dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní ó tó àkókò kí ọmọ òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó kó ẹrù rẹ̀. Ìjà ò sí, kò sì sí ẹni tó ṣẹ ẹnìkan. Ọmọ rẹ̀ ló wá mú. Mọ́mì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àgbàtọ́ lèyí, kò sì sí agboolé tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹni, ẹni ń bọ́ ọ, ẹni ń rán an níléèwé, síbẹ̀ ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Oríkì bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń kì í, ogún bàbá rẹ̀ ni yóò jẹ, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ní kó máa bọ̀ nílé, a ó di ẹrù rẹ̀ fún un ni, a ó gba "ẹ kú ìtọ́jú" dání. Ìsọdọmọ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí ju inú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù lọ. Òun ni òfin fi ń tú ọmọ lára àwọn tó bí i, tí yóò sì so ó mọ́ àwọn tó gbà á bí ẹni pé inú wọn ló ti jáde. Kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa: Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1965, Èkó tẹ̀ lé e ní 1968. Ìsọdọmọ ni obìnrin yìí ń wá láìmọ orúkọ rẹ̀. Àgbàtọ́ ni gbogbo ẹbí tó yí i ká mọ̀. Láàárín méjèèjì la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Kò tíì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ti bá a sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Wọn yóò fún un ní oògùn tí yóò mú kí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò níbòmíràn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, wọn yóò ní kó wá bímọ. Yóò gbé ọmọ jòjòló jáde, ìwé ìbí yóò sì gbé orúkọ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Ẹnìkan nínú ìjọ wọn ti bá ibẹ̀ jáde, gbogbo ìjọ ló sì bá a jó. Owó tí nọ́ọ̀sì ń béèrè tó ra mọ́tò. Wọ́n ti tọ́jú tó ìdajì rẹ̀.

Ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń gba àṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kalẹ̀, ó ń ka apá tó ní ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Obìnrin náà ń wo fáànù òkè. Ẹni tó ti fi ọdún 14 sunkún kò ní torí ẹ̀wọ̀n padà. Mo ní kí arákùnrin náà dákẹ́ ná. Mo bi í pé, "Ta ni ìyá ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín?"

Ó ní, "Ọmọbìnrin kan tó ṣèèṣì lóyún ni, mà."

"Ṣé ó ti fọwọ́ sí ìwé?"

"Ìwé wo?"

"Tó bá wá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ńkọ́?"

Ó dìde, ó jáde lọ sí ìta. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó wọlé padà. Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n fún òun ní fọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń bi mí léèrè bí a ṣe ń yí ọkàn ẹni tó ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùtà ọmọ padà. N kò mọ ọ̀nà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé ohun tó ń lé e síbẹ̀ náà ló yẹ kí a wá rí. Ti obìnrin yìí, ìbẹ̀rù kí wọ́n má tún gba ọmọ lọ́wọ́ òun ni, ẹni tó bá sì ra ọmọ kò ní nǹkan kan tó lè fi dá ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù mẹ́rìndínlógún tó kù

Ìwé wọn kò le ṣe: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ orí, fọ́tò, ìwé àyẹ̀wò ara láti ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀rí owó tó ń wọlé. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ti tó ọdún 25, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọkọ ni, ọdún 35, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ tàbí obìnrin bíi tirẹ̀. Kò sí èyí tó dí wọn lọ́wọ́ nínú ìyẹn.

Ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ti ibùgbé. Òfin orílẹ̀-èdè, tí Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, ní kí àwọn méjèèjì ti gbé ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè fún ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ní. Akọ̀wé kan lẹ́yìn kóòtù ti sọ fún ọkọ pé kí ó má dààmú, wọn yóò búra fún un pé láti 2012 ló ti wà ní Ìbàdàn. Ọkọ ti fẹ́ gbà. A bá a sọ ọ́ tààrà: irọ́ tó bá wọ fáìlì yìí, ilẹ̀kùn tí ẹnìkan nínú ẹbí yóò fi wọlé ní ogún ọdún sí i ni, nígbà tí wọ́n bá ń pín ilé. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró."

Ohun kan tí a ṣe dáadáa níbẹ̀ wúlò. Òfin tún ní kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ti sọ fún wẹ́fíà, ó kéré tán, oṣù 12 kí kóòtù tó pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń ní kí àwọn tọkọtaya lọ parí ti ibùgbé ná, kí wọ́n tó wá kọ lẹ́tà yẹn. Àwa gba lẹ́tà wọn lọ́jọ́ kejì, a lu òǹtẹ̀ lé e. Oṣù 12 náà sì parí sínú oṣù mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń dúró. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún kan mìíràn ni wọn ì bá tún kà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàtà ẹ̀yìnkùlé

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sílé wọn kò sọ nǹkan kan fún wa. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, míńírà tutù wà lórí tábìlì. Gbogbo ohun tí a bi wọ́n ni wọ́n ń dáhùn bí ẹni tó ń ka katikísìmù. A béèrè ìyá ọkọ, torí a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Nígbà tí a ń jáde, mo rí sálúbàtà arúgbó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Omi ṣì wà lára rẹ̀.

A padà lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láìsọ fún wọn. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará ìjọba. Wọ́n ní kí n má yọjú lọ́jọ́sí, inú yàrá ni mo wà." Ó gbé àga fún wa, òun náà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò wá. Ọmọ ta ni? Irú ìdílé wo ló ti wá? Kí ni èèwọ̀ wọn? Ṣé ohun tí wọn kì í jẹ ní ilé wọn ni àwọn yóò máa fún un jẹ láìmọ̀? Oríkì wo ni òun yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Bí ọmọ òun bá sì kú, ṣé àwọn mọ̀lẹ́bí yóò jẹ́ kí àlejò jókòó sí ìdí ilé?

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, arákùnrin tí a jọ lọ ti kọ ọ́ sílẹ̀: "Ìyá ọkọ kò fara mọ́ ọn. Kí a dá a dúró." N kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ sílé kì í béèrè ohun tí ọmọ náà kì í jẹ. Ẹni tó ti ń rò ó bí òun yóò ṣe se oúnjẹ fún un ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ilé náà, Màmá nìkan ló ti bi wá ní ìbéèrè tó jẹ́ ti ìsọdọmọ. Àwọn yòókù ń fi bẹ́ẹ̀dì hàn wá.

A padà lọ dá a lóhùn bí agbára wa ti mọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ èèwọ̀ ìdílé ọmọ tí wọ́n bá lójú ọ̀nà; ilé yìí náà ní tirẹ̀, òun ni kí wọ́n kọ́ ọ. Láyé àtijọ́, ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ oríkì orílẹ̀ ilé kan ló jẹ́ pé inú ilé náà ni wọ́n bí babańlá rẹ̀ sí? Màmá rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ogún ló le. Òfin ní tí kóòtù bá ti pàṣẹ, ọmọ náà yóò jogún àwọn tó gbà á bí ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí kì í wo ìwé kóòtù kó tó pín yàrá nínú ilé ẹbí. A gba ọkọ nímọ̀ràn pé kó kọ ìwé ìhágún lórí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ó ní ẹni tó bá ń kọ ìwé ìhágún ń pe ikú. A fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Irun

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni a rí ọmọ kan tí a rò pé ó bá wọn mu. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti bá a, nínú oṣù kìíní ọdún 2018, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láyé. Wọ́n kéde lórí rédíò, àwọn ọlọ́pàá wádìí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ báyìí wà lára àwọn tí òfin ní kóòtù lè fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọkọ gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀wà ni ọmọ náà ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ nígbà tí wọ́n dé ilé ọmọ tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, kò sì gbójú sókè wò ó. Ó ní irú ọmọ tí òun ń wá nìyẹn. Ìyàwó kọ̀. Ó ní, "Ó ti mọ̀ jù." Mo mọ ohun tó ń dùn ún: ọmọ tó ti ń rìn, kò sí bó ṣe lè sọ fún àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun ló bí i. Ó ti ń wá ilé síbòmíràn kí wọ́n lè kó lọ sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n.

N kò bá a jiyàn. Mo ní kó kàn máa lọ síbẹ̀ ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun. Tó bá ti rí ìyàrun, igbe ni, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti fi irun náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní Àbámẹ́ta kejì, ìyàwó mú ìyàrun lọ, orí ara rẹ̀ ló ń yà. Ní ẹ̀kẹta, ọmọ gba ìyàrun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a yà á. Ní ẹ̀karùn-ún, ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó fi òwú kó irun náà sí ọ̀nà márùn-ún. Kò sọ fún mi pé òun ti gbà. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí n bá òun béèrè irú ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ náà.

Ọmọ tó mú bàtà dání

Oṣù kọkànlá ni ọmọ wọlé wọn. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta láìdá dúró kí kóòtù tó lè pàṣẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ ò jẹun mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyàwó pè mí lálẹ́, ohùn rẹ̀ ti há: "Mà, ẹ wá mú un. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á mú bàtà rẹ̀ dání, á lọ dúró sẹ́nu géètì. Ó ń retí àwọn tó máa wá mú un lọ ni."

Àwa la jẹ̀bi, n kò ní fi ẹnu ṣe é. Ohun mẹ́ta ló pa pọ̀. Wọ́n ti yí orúkọ ọmọ padà lọ́jọ́ tó wọlé. Orúkọ tó ń dáhùn láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn, ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́. Àǹtí tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ọmọ, a ti ní kó má wá, kó má pè, "kí ọmọ lè tètè gbàgbé." Èmi ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn. Ẹ̀kẹta, èyí tí a ò mọ̀ rárá, ni pé wọ́n ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ọmọ àbúrò ìyàwó ni, pé ó wá lo ìsinmi. Torí náà, gbogbo ẹni tó bá ti rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ló ń bi í pé, "Ìgbà wo lo máa padà sọ́dọ̀ mọ́mì ẹ?" Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọmọ di àgbàtọ́. Gbogbo àdúgbò sì ń ṣe é bí àlejò.

A dá orúkọ àtijọ́ padà, a fi tuntun tẹ̀ lé e. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tẹ̀ léra. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọmọ kọ̀ láti wò ó, ó bínú, lẹ́yìn náà ló sùn lé e láyà. Èyí tó le jù ni ti ẹ̀kẹta, ọkọ ló sì ṣe é. Nígbà tí àwọn ayálégbé ń ṣèpàdé lórí owó iná, ó dìde, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ tún sọ: "Ọmọ àbúrò ìyàwó mi kọ́ ni ọmọ yẹn. Ọmọ wa ni. Kóòtù la ó ti gbà á." Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan ní kí wọ́n ra míńírà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí bàtà fi kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Nínú oṣù kìíní, ibà mú un. Ọjọ́ méjì ni Màmá fi pọ̀n ọ́n, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyàwó gbọ́ ọ láti inú yàrá tó ń pe ẹnìkan nínú kíṣìnì: "Àgbékẹ́, wá mu ẹ̀kọ." Ẹnikẹ́ni nínú ilé ò jẹ́ Àgbékẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn kò béèrè ẹni tó bí ọmọ. Ọwọ́ tó gbé e ló ń sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú ìwé

Oṣù kejì ọdún 2020 ni a dé kóòtù ẹbí. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ará ìta kì í wọ̀ ọ́. Adájọ́ ṣí fáìlì, ó wò ó, ó tún wò ó. Ìwé ọlọ́pàá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ni wọ́n bá ọmọ. Ìwé ilé tó gbà á ní ọjọ́ kẹfà. Ó bi wá pé, "Ṣé ọmọ kan náà lèyí?"

Ọmọ kan náà ni. Obìnrin tó rí i nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba torí òtútù ti mú un. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni ò kọ ìyẹn sílẹ̀. Fáìlì yẹn ti wà lọ́wọ́ wa láti oṣù kẹjọ, a sì ti ka ìwé méjèèjì, ẹnìkan ò fi wọ́n wé ara wọn. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú kí a lọ mú káàdì ilé ìwòsàn wá. A mú un wá ní àárín oṣù kẹta. Ọlọ́pàá tó yẹ kó wá jẹ́rìí kò wá. Wọ́n tún sún un di oṣù kẹrin. Kí oṣù kẹta tó parí, kòrónà ti ti kóòtù pa káàkiri orílẹ̀-èdè.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó pàṣẹ. Gbogbo àkókò yẹn, lójú òfin, àgbàtọ́ ni ọmọ ṣì wà. Ìyàwó kì í jẹ́ kó sùn ní yàrá mìíràn. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn tí n kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn ìjọba: nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́, ọmọbìnrin tí wọ́n mú padà ní ìjọ́sí, tó ti di ọmọ ọdún 17, di báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn kí wọ́n tó dá ọ̀nà dúró. Ó ní lọ́dọ̀ Mọ́mì ni òun yóò ti lo ìsinmi náà. Òun ló ń di irun ọmọ kékeré ní gbogbo oṣù tí a fi ń dúró.

Lẹ́yìn tí àṣẹ jáde, orúkọ ọmọ wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ìsọdọmọ. Nǹkan díẹ̀ kù níbẹ̀ tó yẹ kí n mẹ́nu bà. Àbúrò ọkọ tó ń gbé ní London rí fọ́tò ọmọ, inú òun àti ìyàwó rẹ̀ dùn, wọ́n ní kí a bá àwọn náà ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n wá mú ọmọ lọ. Nígbà tó fi máa pè mí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dí ọ̀nà yẹn láti oṣù kẹta ọdún 2021: wọ́n fi ìkálọ́wọ́kò sí ìsọdọmọ láti Nàìjíríà, torí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọmọ. Nàìjíríà kò sì sí nínú àdéhùn Hague ti ọdún 1993 lórí ìsọdọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Mo sọ fún un kó má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní òun mọ ọ̀nà mìíràn. Ó bínú sí mi díẹ̀.

Lórí pé kí wọ́n sọ fún ọmọ tàbí kí wọ́n má sọ, ìyàwó ti ní òun kò ní sọ láéláé. Ìpàdé àwọn ayálégbé ti ba ìyẹn jẹ́, ọpẹ́ ni mo dá. Ohun tí gbogbo àdúgbò bá mọ̀, ọmọ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún un láti kékeré bí ẹni ń pàlọ́: ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí, Àbámẹ́ta, ìyàrun. Ní ọdún tó pé mẹ́rin, mo bi í léèrè bó ṣe dé ilé wọn. Ó ní, "Mọ́mì kó irun mi, ni mo bá tẹ̀ lé e."

Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a ti yí bí a ṣe ń ṣe díẹ̀ padà nítorí fáìlì yìí. Lẹ́tà ìfinilétí máa ń gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, ì báà kù ọdún méjì kí ibùgbé pé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tọkọtaya, a sì máa ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bi í gan-an dípò kí a kọ "kò fara mọ́ ọn." A ò gba orúkọ lẹ́nu ọmọ mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ọmọ gbọ́dọ̀ bá a dé ilé tuntun, kó sì máa wá fún oṣù kan. Kí ọmọ tó wọlé, a máa ń bi tọkọtaya pé kí ni wọ́n ti sọ fún àwọn aládùúgbò, tó bá sì jẹ́ ọmọ àbúrò ni wọ́n pè é, a ò tíì gbé ọmọ kúrò. Àti gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ìwé, ti ọlọ́pàá, ti ilé ìwòsàn, ti ilé ọmọ, ẹnìkan ní ọ́fíìsì ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì kan lọ́jọ́ tí fáìlì bá wọlé.

Ìwé ìhágún nìkan ni a ò rí ṣe. Màmá ti kú ní ọdún tó kọjá, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti ń wo ilé. Mo pe ọkọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ẹ má jẹ̀ẹ́ á máa pe ikú." Mo ní n ó tún pè lọ́jọ́ Ajé.